Bọ́tìnì Pupa Tó Máa Ń Ṣẹ́kù

Tíńtín ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí ó kéré bí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kéré o!

Lónìí, kò sí ilé-ìwé. Tíńtín wà ní ṣọ́ọ̀bù màmá àgbà. Télọ̀ ni màmá àgbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń ké: kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀!

Màmá àgbà da bọ́tìnì sílẹ̀. Ṣàràà!

"Igba ó lé mọ́kànlá ni wọ́n. Tò wọ́n ní ìlà, ká lè sín wọn sókùn. Kí gbogbo ìlà dọ́gba o. Èyí tó bá ṣẹ́kù, inú garawa àkísà ni."

Tíńtín tò wọ́n ní méjì-méjì. Tọ́-tọ́. Tọ́-tọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Bọ́tìnì pupa ni! Ara ẹ̀wù tí Tíńtín wọ̀ nígbà tó ń rákòrò ni wọ́n ti já a. Àyà Tíńtín já.

Ó tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta. Tọ́-tọ́-tọ́. Ó ku ẹyọ kan.

Márùn-ún-márùn-ún. Ó ku ẹyọ kan.

Méje-méje. Ó tún ku ẹyọ kan!

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀ tó báyìí," ni Tíńtín wí, "ẹ ò lè gba ẹyọ kan mọ́ra?"

Mọ́kànlá-mọ́kànlá ńkọ́? Ó ku méjì.

"Háà! Ó tún lọ mú ọ̀rẹ́ wá!"

Tíńtín dá ọgbọ́n kan. Ó padà sí méje-méje. Ó ti pupa sínú ìlà, ó yọ aláwọ̀ ewé síta. Aláwọ̀ ewé wá ń dá jókòó. Àánú òun náà ṣe é.

"Màmá àgbà, ṣé mo ti sọ ọ̀kan nù ni?"

"Rárá, ọmọ mi. Igba ó lé mẹ́wàá máa ń gbọ́ràn. Fi ẹyọ kan kún un, ó di olóríkunkun. Kì í ṣeé pín dọ́gba. Ó jọ ẹnì kan tí mo mọ̀."

Gbàláń! Gbàláń! Agogo bàbá akólẹ̀ dún lókèèrè. Ó ń bọ̀ wá gbé garawa.

Omi lé ròrò sójú Tíńtín. Ó wo bọ́tìnì pupa. Ó wo okùn. Okùn náà gùn o!

"Màmá àgbà, ẹ ò sọ pé ìlà mélòó."

"N ò sọ."

Tọ́. Tọ́. Tọ́. Tíńtín ń tò wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá. Ó yí ẹsẹ̀ àga po. Ó dé ẹnu ọ̀nà.

Aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Pupa ló gbẹ̀yìn. Tọ́!

"Ìlà kan ṣoṣo! Kò ku ẹnì kankan!"

Màmá àgbà wo ìlà náà síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rín pa á. "Ìwọ ọmọ yìí! O mú mi."

Bàbá akólẹ̀ dé. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè gan-an, kó má tẹ̀ wọ́n.

"Kí ló wà fún mi lónìí?"

"Àkísà nìkan ni, bàbá," ni Tíńtín wí. Ó sì ki okùn bọ ojú bọ́tìnì pupa.