Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Lámì

Bébà ni mo ń tà. Lọ́jọ́ tí ọkọ àfẹ́sọ́nà mi kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun fẹ́ bébà tó nípọn. Mo ní kí ló fẹ́ kọ sí i. Ó ní òun fẹ́ dáná sun ún ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo tún un wò láti òkè dé ilẹ̀.

Ẹ̀tù ìbọn ló fi ń yàwòrán. Á wé e sínú bébà, á tò ó sórí pápá, á ṣáná sí i lọ́sàn-án gangan. Èéfín aláwọ̀ á di òdòdó lójú sánmà, kí o tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ti tán. Ife bàbà tí ọ̀gá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló fi ń wọn ẹ̀tù, nítorí irin lè ta iná sí i.

Èmi ló ń pè ní Ìfẹ́. Màámi ń pe òun ní Ẹlẹ́tù, ó sì ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ lójú sánmà, ìfẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ nílé. Mo jiyàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ mí lára.

Ó ṣèlérí pé bí òun bá ti tan iná àwòrán ńlá kan lọ́jọ́ Sátidé, òun á wá tọrọ mi. Ó sún iná náà síwájú. Ó tún sún un. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, á ya irun, á jáde, kò ní sọ ibi tó ń lọ. Mo bi í. Ó ní, "Ìfẹ́ mi, fara balẹ̀." Ẹni tó bá ní kí o fara balẹ̀, ó mọ ohun tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù.

Lọ́jọ́ kan fóònù rẹ̀ tàn lórí káńtà mi. Nọ́ńbà tí kò lórúkọ ni: "Ife re si wa lodo mi. Wa mu un l'Ojobo. Ma so fun enikeni."

Ìfẹ́ rẹ̀ nìyí níwájú káńtà, èwo ló tún wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Mo kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn bébà, mo sunkún dé ilé Màámi láti sọ fún un pé òun ló jàre. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo pe obìnrin tó ni nọ́ńbà náà.

Báàgì Màámi lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló dún. N kò mọ̀ pé ó ní láìnì méjì.

Màámi ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì mú ife bàbà náà jáde.

Ó ní òun ló lọ gbà á lọ́wọ́ Ẹlẹ́tù, tí òun sì fún un ní ife onírin dípò rẹ̀. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á kánjú ni. Ẹni tó bá ń kánjú nídìí ẹ̀tù, opó ló máa fi ọmọ mi ṣe. Ó kọ̀ láti fi ife onírin wọn ẹ̀tù. Ó ń wá bẹ̀ mí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kò sì fẹjọ́ mi sùn ẹ́."

"Màámi, ẹ ò bá ti fi àmì sí àtẹ̀jíṣẹ́ yín."

"Èmi wo ló mọ ibi tí àmì wà lórí fóònù?"

Ní Sátidé, lẹ́yìn tó ti gba ife rẹ̀ padà lọ́wọ́ Màámi, òdòdó pupa là lójú sánmà, ó tán, ó dùn mí pé ó tán. Màámi ń fi ìka kan tẹ fóònù rẹ̀. Fóònù ọkọ àfẹ́sọ́nà mi dún lọ́wọ́ mi: "Mo ti fun e ni ife re. Toju re."

Ó dé pẹ̀lú èérú lójú, ó kà á, ó bi mí pé èwo ni Màámi ń sọ.

Mo ní kó tọ́jú méjèèjì.