Ìwúkàrà Tí Lídia Gbàgbé

"Ṣé àwọn áńgẹ́lì lò ń pè ni, àbí kí lo nawọ́ sókè fún?"

Orí ògiri òkúta tó wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ àgbà ni Lídia dúró sí, ó na fóònù sókè. Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń yọjú ní abúlé Vale de Urzes, tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ díẹ̀, á tún lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá àgbà, ó ku díẹ̀ kó wọlé."

"Sọ̀ kalẹ̀ kó o tó já bọ́. Ọwọ́ mẹ́ta péré ló dá ṣáká nínú ilé yìí, tìẹ sì ni méjì." Ilda, ìyá àgbà náà, gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, èyí tó ti fi aṣọ dì láti ọjọ́ tó ti yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Lídia. Paris ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tí kì í sáré ṣe. Á sáré jẹun, á sáré sọ̀rọ̀, orí ìrìn ló ti ń wọ bàtà. Eré yìí náà ló kó bá a lóṣù kẹfà. Òun ló kọ́kọ́ fi ìwé ìdánwò ìṣirò sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ó ń yan fanda jáde, kò mọ̀ pé odindi ìbéèrè ńlá kan wà lẹ́yìn ìwé tí òun kò yí padà. Ó fìdí rẹmi. Wọ́n ní kó wá tún un ṣe lóṣù kẹsàn-án. Inú bí ìyá rẹ̀, ó fi í sínú bọ́ọ̀sì tó rin ọ̀sán àti òru kó tó gun orí òkè Pọ́túgà.

"Lọ bá ìyá mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bóyá òun á lè kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń jókòó."

Ọ̀sẹ̀ kan lábúlé náà gùn bí ọdún lójú Lídia. Àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé lórí ògiri. Océane ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ ń lọ sétíkun, wọ́n á yà gbé e lójú títì ńlá ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

"N ò ní dè ọ́ mọ́lẹ̀," ni Ilda sọ nígbà tó gbọ́. "Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni ààrò kàn wá. Ṣe búrẹ́dì wa, kó o gbé ìwúkàrà fún Zulmira tí ààrò kàn tẹ̀ lé wa, lẹ́yìn náà kó o máa lọ síbi tó o bá ń lọ."

Ààrò kan ṣoṣo ni abúlé náà ní, ilé méje ló sì ń lò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ilé ààrò yìí náà ni ọpọ́n onígi ńlá kan wà tí gbogbo wọn fi ń po ìyẹ̀fun. Ìwúkàrà wọn kì í ṣe ti ọjà. Ìyẹ̀fun kíkan kan ni, tó wà láàyè láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ilé tí ààrò bá kàn, kó tó gé búrẹ́dì rẹ̀, á kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ìyẹ̀fun tó ti wú sínú abọ́ amọ̀, á fi aṣọ bò ó, á gbé e fún ilé tó tẹ̀ lé e. Tó bá parí iṣẹ́, á họ ọpọ́n, á fọ̀ ọ́. Kò sí ibi tí wọ́n kọ òfin yìí sí, ṣùgbọ́n ọmọ abúlé tó bá ti ń rìn mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ilda jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ààrò, ó ń pàṣẹ. Lídia po ìyẹ̀fun títí apá fi ń ro ó.

"Ó tó. Jẹ́ kó sinmi wàyí. Ìyẹ̀fun fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún ẹ tó bá tó àkókò."

"Báwo ló ṣe ń sọ̀rọ̀, ìyá àgbà?"

"Tí ìwọ bá lè dákẹ́, wàá gbọ́ ọ." Ilda dìde, ó lọ sílé lọ fún àwọn adìẹ lóńjẹ.

Lídia jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó rántí pé òun kò tíì di ẹrù. Ó rántí pé òun kò mọ ibi tí aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ òun wà. Ó wo ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun kò sọ nǹkan kan. Bó ṣe dìde nìyẹn, ó gé e sí mẹ́rìnlá wàràwàrà, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ààrò, ó pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Ó ń nu ọwọ́ lára aṣọ nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí abọ́ amọ̀.

Abọ́ náà ṣófo.

Lídia ṣí ààrò padà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo búrẹ́dì ti ń pọ́n. Ohun tí ogun kò pa, tí ìyàn kò pa, òun ni ó wá fi ìkánjú sun níná. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Lójijì ó rántí yíìsì inú ọ̀rá tí ìyá rẹ̀ kì bọ inú àpò rẹ̀ láti fi ṣe kéèkì. Ta ló máa mọ̀? Ó sáré dé ilé, ó po díẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun àti omi, kò sì pẹ́ tó fi wú, ó funfun, ó dára lójú. Ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e lọ sílé Zulmira.

"Ọwọ́ ẹ mà yá o, ọmọ Ilda!" Ìyá arúgbó náà fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́. "O ò mọ ohun tó o ṣe fún mi. Belmiro ọmọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún mẹ́fà tó ti wà ní Switzerland, n ò fojú kàn án. Mo ní kí ni n sè dè é, ó ní, 'Màmá, búrẹ́dì yín ṣáà ni.'" Ó bu èso ọ̀pọ̀tọ́ sí Lídia lọ́wọ́ títí ó fi ń já bọ́. Lídia dúpẹ́, kò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Ilda ti ọ̀bẹ bọ búrẹ́dì ọjọ́ náà. Ọ̀bẹ kò fẹ́ wọlé.

"Òkúta lo yan fún wa," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò burú, eyín wa ṣì wà. Tí ìwúkàrà bá ṣáà ti dé ọ̀dọ̀ Zulmira, a ó tún òmíràn ṣe. Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún tí yìnyín bo ilẹ̀kùn wa, àyà mi ni mo gbé abọ́ yẹn sí, lábẹ́ aṣọ, kí òtútù má bàa pa á? Oyún ìyá ẹ wà nínú mi nígbà náà. Bàbá àgbà ẹ ní ọmọ méjì ni mo gbé dání."

Lídia gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, ṣùgbọ́n ti Lídia kò tilẹ̀ lo ọjọ́ kan tó fi di ẹrù sí i lọ́rùn. Ó dìde. "Mò ń bọ̀, ìyá àgbà." Ó sáré jáde.

Zulmira wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń já ẹ̀wà sínú agbọ̀n. Abọ́ amọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá Zulmira, ẹ má bínú. Mo gbàgbé láti bù ú. Gbogbo ẹ̀ ni mo kó sínú ààrò. Yíìsì inú ọ̀rá ni mo fi tàn yín jẹ." Ó bú sẹ́kún.

"Mo mọ̀," ni Zulmira wí, kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà.

"Ẹ mọ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti ṣí aṣọ. Àádọ́rin ọdún ni mo ti ń gbóòórùn nǹkan yìí. Èyí tó o gbé wá ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù. Mo kàn jókòó tì í ni, mò ń wò ó bóyá wàá padà wá. Ìwọ tó o máa ń sáré ju ẹ̀fúùfù lọ, o mà pẹ́ dé o!"

Lídia kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín àbí kí òun máa sunkún lọ. "Ṣé ó ti kú pátápátá, mà?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Zulmira. "Dá mi lóhùn dáadáa. Ṣé o fọ ọpọ́n?"

Lídia tẹrí ba. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tún rèé. "Rárá, mà. N ò họ ọ́, n ò sì fọ̀ ọ́. Mò ń kánjú."

Zulmira ju ẹ̀wà sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Olúwa ò! Ìmẹ́lẹ́ ọmọ yìí ti gbà wá là! Dìde, ká lọ!"

Nínú ilé ààrò, wọ́n fi ọ̀bẹ họ èérún ìyẹ̀fun tó ti gan mọ́ igi ọpọ́n, kò ju ìwọ̀n ṣíbí méjì lọ. Zulmira da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ó bu ìyẹ̀fun lé e.

"Ó lè jí, ó lè má jí. Ó gbọ́dọ̀ wà níbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹnì kan máa fún un lóńjẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Kò sẹ́ni tó lè bá a sáré ẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí Lídia dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló gun ògiri lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, tó kọ̀wé sí Océane pé kí wọ́n máa lọ. Èsì rẹ̀ dé kíá: "Nítorí ìyẹ̀fun? Orí ẹ ti dàrú!" Lídia pa fóònù, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti jẹ́wọ́ fún ìyá àgbà. Ilda kò bú u, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú. Ì bá sàn kó bú u.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò sí nǹkan kan nínú abọ́ ju omi ẹlẹ́rẹ̀ lọ. Lídia gbé e sórí ìjókòó níwájú ilé, níbi tí oòrùn ti ń ta díẹ̀díẹ̀, ó jókòó tì í. Àwọn ará abúlé tí kò lè lo ààrò nítorí rẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Dókítà, aláìsàn ńkọ́?" Ó bá wọn já ẹ̀wà. Ó gbọ́ ìtàn bí ìyá rẹ̀ ṣe bọ́ sódò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí i pé òjìji òkè máa ń gba odindi ọ̀sán kó tó rin ìrìn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àfonífojì.

Belmiro dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ojú ti Lídia, ó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà lójú ọ̀nà: "Màmá, mo ti dúró fọ́dún mẹ́fà. Ṣé ọjọ́ kan sí i ló máa wá pa mí?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Lídia ṣí aṣọ láti fún un lóńjẹ. Ihò kékeré kan yọ lójú ìyẹ̀fun, ó bẹ́. Òmíràn yọ. Òórùn kíkan dídùn kan gbá a nímú. Ó figbe ta, gbogbo àdúgbò gbọ́. Zulmira sáré dé, ó tẹ imú bọ abọ́, ó di ojú.

"Òun ni," ló wí. "Òun gan-an ni."

Ilda fi ọwọ́ òsì rẹ̀ fa Lídia mọ́ra, ó ní, "O ṣeun tó o padà lọ," Lídia sì tún sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún ayọ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n dáná ààrò. Lídia ló bá Zulmira po ìyẹ̀fun. Ó jókòó, ó dákẹ́, ó ń dúró de ìyẹ̀fun láti sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó dákẹ́, ó ń dúró de ìyẹ̀fun láti sọ̀rọ̀. Belmiro fi ọwọ́ ya búrẹ́dì àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì ń gbóná, ó ń jẹ ẹ́ tomijétomijé.

Lóṣù kẹsàn-án, Lídia padà sínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn mìíràn ti ń dìde nígbà tó yí ìwé rẹ̀ padà. Ìbéèrè kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fà á sún mọ́ra, ó ṣe é títí tó fi parí. Òun ló jáde kẹ́yìn, ó sì yege.

Lọ́jọ́ tí èsì náà dé, ìyá rẹ̀ bá a nílé ìdáná, ó jókòó ti abọ́ kékeré kan tó fi ìwúkàrà abúlé po ìyẹ̀fun sí, tó sì fi aṣọ bò.

"Aago mélòó la máa jẹ búrẹ́dì yìí gan-an?"

"Tó bá ti tó, á sọ fún wa, Màmá. Ẹ jókòó."

Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó fa àga, ó jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé yìí, a kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má fi irọ́ bò ó. Ẹ tètè padà lọ jẹ́wọ́, torí ibẹ̀ nìkan ni eré ti dára.