Ìrìn Tí Àpínkẹ́ Bá Mi Rìn

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó wá sílé wa ní Alápẹ̀rẹ̀. Kó béèrè Bàbá Tọ́pẹ́ tó ń rán ìjókòó mọ́tò. Mi ò kì í mutí, orí mi sì pé. Ó kàn ṣẹlẹ̀ ni.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n pààrọ̀ orúnkún mi ọ̀tún, wọ́n fi irin sí i. Nígbà tí mo ń padà sílé, wọ́n fún mi ní bẹ́líìtì dúdú kan tí mo gbọ́dọ̀ máa so mọ́ ọn. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń ka ìṣísẹ̀ mi, ó ń fi ránṣẹ́ sí fóònù Ràhmát, ọmọbìnrin tó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa rìn padà. Ọsibítù ni Ràhmát wà, àmọ́ kò sí ìmẹ́lẹ́ mi tí kì í rí. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí lórí fóònù:

"Daddy, ẹ ò síríọ́sì o! Ogójì ìṣísẹ̀ péré látàárọ̀? Orúnkún yẹn á gan. Tó bá gan, wọ́n á tún gún yín lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á fi tipátipá tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rù bà mí gidi. Ṣùgbọ́n ìrora yẹn, háà! Ó ń ta mí dé eyín.

Mo pe ìyàwó mi. "Àpínkẹ́, ṣebí ọjà Mile 12 lò ń lọ? So bẹ́líìtì yìí mọ́ ẹsẹ̀ rẹ, bá mi rìn ín."

"Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ mà ya ọ̀lẹ o!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó so ó. Àdúrà kì í jìnnà sẹ́nu Àpínkẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi. "Kí Olúwa gba agbára ẹsẹ̀ mi, kó fi fún yín."

Mo ti ké "Àmín!" kó tó parí ẹ̀. Ta ló ń ro àdúrà wò kó tó ṣàmín?

Ọjọ́ mẹ́ta ló bá mi rìn. Ràhmát ń yìn mí. Lọ́jọ́ kẹrin, mo dìde lọ tọ̀. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ kí n tó rí i pé mi ò mú ọ̀pá dání. Kò dùn mí mọ́. Mo lóṣòó, ó ká wẹ́rẹ́! Mo pariwo pe Àpínkẹ́ kó wá wò ó.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bọ̀," ló dáhùn láti kíṣìn.

Orí àpótí ló jókòó sí, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà gbọọrọ. Ọ̀sán gangan ni. Ọbẹ̀ ń hó lórí gáàsì. Mo fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. Ó tutù. Mo fi èékánná kàn án, ó dún kín-ín.

"Irin ni," ló wí.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá Tọ́pẹ́, irin ni."

A lọ ya fọ́tò egungun ní Kétu. Ọkùnrin tó yà á wo fọ́tò, ó wo ẹsẹ̀. Ó béèrè ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Ó ń wá àpá rẹ̀, kò rí i.

Àfọwọ́fà mi ni. Àpínkẹ́ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé orúnkún rẹ̀, mo gba àdúrà náà padà: kí Olúwa gba agbára ẹsẹ̀ tèmi fún un. Ó kọ̀, kò ṣàmín.

"Kẹ́ ẹ tún wá máa wọ́ nílẹ̀?" ló wí. Ó yíjú sí ògiri.

Mo so bẹ́líìtì mọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Mo ní màá rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìjókòó ò gbà mí. Mo lọ Kétu, mo lọ Ìkòsí, mo tún padà. Mi ò rán ìjókòó kankan mọ́.

Lánàá, mo ń rìn lọ́nà Ìkòsí, òógùn bò mí. Ràhmát pè.

"Daddy, kí ló dé? Ọjọ́ kẹfà rèé tí mò ń rí òdo lórí fóònù mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga."

"Ọmọ mi, mò ń rìn báyìí. Ṣé o ò gbọ́ ariwo ọkọ̀ ni?"



"Mi ò gbọ́ ọkọ̀ kankan, Daddy. Ìyàwó yín tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nìkan ni mò ń gbọ́."

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, kò sí ẹnì kankan: ilé wa ní Alápẹ̀rẹ̀ ni mo fi Àpínkẹ́ sí.