Ọjọ́ Kan Ṣáájú Àádọ́rùn-ún

Òjò ti pa Clem Pascoe kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìrìn àjò ojú omi nílùú Mackay, ní Ọsirélíà. Fìlà rẹ̀ ń kán omi sórí tábìlì Noreen Haddow, ó sì ń fi apá ẹ̀wù nù ún.

"Ẹ má bínú, màdáámù. Mo fẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi lọ gbafẹ́ ní erékùṣù Vanuatu, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ owó mi."

Noreen rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti ń bá àwọn èèyàn gba ààyè nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, sà. Ẹ ó san àsansílẹ̀ lónìí, kí wọ́n lè di yàrá mú fún yín. Tí ẹ bá yọ orúkọ yín kó tó ku àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí ọkọ̀ ṣí, àsansílẹ̀ yẹn nìkan lẹ máa pàdánù. Tó bá ti di àádọ́rùn-ún, ìdajì gbogbo owó ló lọ. Tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbàgbé ẹ̀."

"Yàrá ẹnì kan ńkọ́?"

"Kò sí. Ẹni tó bá dá wà máa san ti ẹni méjì."

"Háà! Wọ́n tún ń fìyà jẹ àwa opó!"

"Èmi náà mọ̀ ọ́n," ni Noreen dáhùn.

Clem wò ó, kò sì yára gbójú kúrò.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ìrèké, ó sì mọ ìtàn gbogbo oko tó wà lọ́nà. Ní ọjọ́ Àìkú, wọn a jókòó létí òkun, wọn a jẹ ẹja díndín nínú bébà. Ìfẹ́ wọ Noreen lára bí oorun ṣe ń gbé ẹni tó ti rẹ̀.

"Noreen mi ọ̀wọ́n," ni Clem wí lọ́jọ́ kan, "wá bá mi gbé yàrá yẹn. Tá a bá dé Port Vila ní Vanuatu, ká ṣègbéyàwó."

Noreen san àsansílẹ̀ tirẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí ìwé kan náà.

Kerrin, ọmọ Clem, kò fẹ́ ìgbéyàwó náà. Ó pè wọ́n wá jẹun ọ̀sán, ó ń bu ọ̀dùnkún sáwo, ó ní:

"Ìyá mi ò tíì pé ọdún méjì nínú sàréè. Ẹ mà mọ iṣẹ́ yín o, Noreen! Ẹ ta yàrá fún bàbá mi, ẹ sì ta ara yín mọ́ ọn."

Noreen ń retí ọ̀rọ̀ láti ẹnu Clem. Clem ní kí wọ́n na iyọ̀ sí òun.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Clem ní, "Má dá a lóhùn, ìfẹ́ mi. Á rọ̀ tó bá yá."

Noreen fẹ́ gbà á gbọ́, nítorí náà ó gbà á gbọ́. Ó ra aṣọ aláwọ̀ ewé kan fún ọjọ́ ìgbéyàwó.

Nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, Clem wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. Kerrin wà nínú mọ́tò níta, kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Noreen, mo fẹ́ yọ orúkọ mi."

Noreen wo ọjọ́ lórí kọ̀ǹpútà. "Ọ̀la ló pé àádọ́rùn-ún."

"Mo mọ̀."

"O ti ka ọjọ́ náà."

Noreen ṣí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yọ orúkọ. "Wọ́n ń béèrè ìdí."

"Kọ àìsàn. Ṣebí àwọn adójútòfò máa ń dá àsansílẹ̀ padà fún aláìsàn?"

"Àìsàn wo ló ń ṣe ọ́?"

"Jọ̀ọ́, Noreen."

"Sọ ọ́, kí n kọ ọ́."

Kerrin fọn fèrè mọ́tò. Clem wo ẹ̀yìn. "Òun nìkan ni mo bí," ló wí jẹ́jẹ́.

Noreen kọ ọ́ pé: *Ó yí ọkàn padà*. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó tì í síwájú rẹ̀. "Ẹ buwọ́ lù ú níbí, Ọ̀gbẹ́ni Pascoe."

Clem buwọ́ lù ú, ó jáde.

Noreen kò lè dá san ti ẹni méjì. Ó ṣí fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí, ó kọ *ọ̀fọ̀*. Ẹ̀rọ náà béèrè orúkọ òkú àti ìwé ẹ̀rí ikú. Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó sì kọ ọ́ pé òun yí ọkàn padà.

Láti ọdún mẹ́tàlá tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, irọ́ kan ṣoṣo tó pa lórí fọ́ọ̀mù nìyẹn.