Adébímpé àti Mísítà Herbert

Fọ́tò ìyá rẹ̀ ni Olújìmí mú wá sí Ìtòkú lọ́jọ́ tí òun àti Adébímpé kọ́kọ́ pàdé. Ó nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé Bíṣọ́ọ̀bù, ó wá béèrè bóyá bàbá tó ń kun àwòrán kéékèèké wà nílé.

"Bàbá kọ́," Adébímpé dá a lóhùn. "Èmi ni."

Olújìmí wo ọwọ́ rẹ̀. Aró ti mu àwọn ìka náà títí dé ọrùn ọwọ́, nítorí ọmọ aláró ni Adébímpé. Láti kékeré ló ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya ọnà sára àdìrẹ fún ìyá rẹ̀. Irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló gbẹ́ lẹ́nu títí ó fi tín-ín-rín bí irun, tó wá ń fi kun ojú odindi èèyàn sórí páálí tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú yàrá ìyá rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ṣé ẹ lè jẹ́ kó rẹwà díẹ̀ ju fọ́tò yìí lọ?" Olújìmí béèrè.

"Ṣé ìyá yín ò rẹwà ni?"

"Wọ́n rẹwà. Wọ́n kàn gbà pé fọ́tò ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni."

Adébímpé rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Kò pẹ́ tí Olújìmí fi ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́ mi, tí kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo mọ́. Fọ́tò àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kó bọ̀. Ọ̀kan fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun dín kù. Òmíràn fẹ́ kí wọ́n so táì mọ́ ọrùn ọkọ òun tó ti kú, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ò so táì rí láyé. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí àwòrán jọ àwọn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jọ wọ́n jù.

Inú Adébímpé dùn. Iṣẹ́ ń wọlé, ẹni tó fẹ́ràn ló sì ń gbé e wá.

Nígbà tó yá, Olújìmí mú un lọ kí ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ìléwó. Màmá Harriet gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu tíì fún un, ó sì gbé àwòrán kékeré kan sọ̀kalẹ̀ láti orí dùùrù tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ nínú ilé náà.

"Wo èyí, ọmọ mi. Mísítà Herbert ló kùn ún, òyìnbó kan l'Ékòó. Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló ń kun tiwọn lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí. Irú ọwọ́ yìí, Ọlọ́run ò fún dúdú."

Adébímpé na ọwọ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Rọra o," ni Màmá Harriet wí, ó sì fa àwòrán náà sẹ́yìn. "Aró wà lọ́wọ́ ẹ."

Adébímpé yíjú sí Olújìmí. Olújìmí ń wo àjà.

Wọn ò tíì rìn jìnnà sílé nígbà tí Adébímpé dúró.

"Ta ni Mísítà Herbert?"

"Àbẹ̀kẹ́ mi, fara balẹ̀. Bí mo bá sọ pé ọmọ aláró ní Ìtòkú ló ń kùn ún, ta ló máa gbé fọ́tò ẹ̀ sílẹ̀? Nítorí ẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Nítorí mi lo ṣe sọ mí di ọkùnrin? O wá tún sọ mí di òyìnbó lé e?"

"Orúkọ lásán ni."

"Orúkọ ta? Mo ń ba ojú mi jẹ́ lójú fèrèsé, ìyá ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò bí. Wọ́n tún ní kí n má fọwọ́ kan iṣẹ́ mi. O sì jókòó síbẹ̀, ò ń mu tíì." Ó nawọ́ sí ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń bọ̀. "Lọ sọ òótọ́. Tí o ò bá sọ ọ́, má wá sílé wa mọ́. Lọ fẹ́ Herbert."

Olújìmí lọ, ó sì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó padà dé Ìtòkú, ó ní, "Mọ́mì ti gbọ́, wọ́n sì ti gbà kí n fẹ́ ẹ." Òótọ́ ni. Kò kàn fi kún un pé ìyá òun ní kí ọ̀rọ̀ náà má jáde nílé. Obìnrin tó ti fi Mísítà Herbert yangàn fún odindi ẹgbẹ́ kò lè wá sọ pé kò sí.

Ọjọ́ ìdána pé. Ẹbí méjèèjì jókòó sí àgbàlá àwọn Adébímpé. Wọ́n ní kí ìyàwó mú ohun tó wù ú nínú ẹrù ìdána. Adébímpé ti na ọwọ́ sí Bíbélì nígbà tí Màmá Harriet dìde, ó tún àkẹtẹ̀ rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàwó wa yìí náà ń kun àwòrán o. Mísítà Herbert fúnra ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó ń gbìyànjú."

Adébímpé ká ọwọ́ kò.

"Mi ò mú nǹkan kan."

"Adébímpé," bàbá rẹ̀ rọra pè é.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹni tó mọ Mísítà Herbert wà níbí. Kó sọ̀rọ̀."

Olújìmí wo ìyá rẹ̀, ìyá náà sì mi orí fún un pé kó má dán an wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò já ìyá rẹ̀ nírọ́ rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kò sí Mísítà Herbert kankan," ó sọ ọ́ sí ilẹ̀. "Èmi ni mo purọ́. Adébímpé ló kun gbogbo ẹ̀."

Ìyá Péjú, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, na ọrùn. "Oyin tí mo ní kó o gbé lọ fún Mísítà Herbert ńkọ́?"

"Èmi ni mo lá a, mà."

Màmá Harriet jókòó. Ẹnikẹ́ni ò wo ojú rẹ̀.

Adébímpé wo ọkùnrin tó nà gbalaja síwájú rẹ̀ yìí. Inú ṣì ń bí i. Ó sì fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, èyí tún ń bí i nínú sí i.

"Gbé orí sókè," ó ní, "kó o tún un sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Olújìmí gbé orí sókè, ó tún un sọ. Ìgbà náà ni Adébímpé tó mú Bíbélì.