Àṣẹ Tí Adéfọlákẹ́ Pa Rẹ́

Kọ̀ǹpútà náà tún dúró gbagidi. Djibril fi iwájú orí lé tábìlì.

"C'est gâté, ó ti bàjẹ́, Fọlákẹ́. Ó ti rẹ̀ mí."

Láti àárọ̀ ni òun àti Adéfọlákẹ́ ti wà ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Abobo. Wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa ṣírò ìwọ̀n obì fún bàbá Adéfọlákẹ́, oníṣòwò obì ní Anyama. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Madame Pélagie, olùkọ́ wọn, yóò yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Plateau, àárín ìlú, nígbà ìsinmi. Djibril ló kọ apá ìwọ̀n, ibẹ̀ gan-an ni ètò náà sì ti ń há.

"Jẹ́ kí n wò ó," ni Adéfọlákẹ́ wí.

Ó ní kí ètò náà máa kọ orúkọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlànà kéékèèké tó wà nínú rẹ̀, sójú ẹ̀rọ bí ó bá ti wọ̀ ọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló kún ojú ẹ̀rọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbà náà ni ó yé e. Àṣẹ tó ń gba ìwọ̀n tó ní ààbọ̀, bíi kìló méjìlá ààbọ̀, máa ń yọ ààbọ̀ náà kúrò nítorí ewé tí a fi wé obì, yóò sì gbé odindi méjìlá fún àṣẹ kejì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àṣẹ kejì kò sí mọ́. Nítorí pé àṣẹ àkọ́kọ́ lè gba odindi nọ́ńbà pẹ̀lú, ara rẹ̀ ló ń pè, láìdáwọ́ dúró.

Adéfọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló pa àṣẹ kejì rẹ́ lánàá. Ó rí orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé àsọtúnsọ ni, kò sì bi Djibril.

Djibril jáde lọ mu omi. Habiba, ọmọ kíláàsì wọn tó jókòó lẹ́yìn, tó sì rí i nígbà tó pa á rẹ́ lánàá, tẹ̀ síwájú.

"Tún un kọ, kí o dákẹ́. Madame á ní ìwọ lo tún iṣẹ́ Djibril ṣe. Plateau di tìrẹ nìyẹn, ma copine, ọ̀rẹ́ mi."

Gbaka, ọkọ̀ akérò kékeré tó gbé Adéfọlákẹ́ wá láti Anyama láàárọ̀, ti tán an lókun. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló rọrùn jù. Ó kọ àṣẹ náà padà. Ètò náà ṣiṣẹ́.

Madame Pélagie wọlé bí Djibril ti ń padà bọ̀. "Ètò tó ń há láti àárọ̀ ti ń ṣiṣẹ́! Ta ló rí àṣìṣe náà?"

"Fọlákẹ́ ni, Madame," ni Djibril dáhùn, ó dorí kodò. "Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Adéfọlákẹ́ kò lè gbé mì. "Rárá, Madame. Iṣẹ́ rẹ̀ pé. Èmi ni mo pa apá kan rẹ́ láìbéèrè."

Olùkọ́ náà kọ orúkọ kan sínú ìwé rẹ̀. "O ṣeun tí o sọ ọ́. Djibril ni yóò lọ."

Lójú ọ̀nà ibùdókọ̀, Habiba pòṣé. "Olóòótọ́ ọmọ! O fọwọ́ ara rẹ gbé e fún un."

Djibril kò rẹ́rìn-ín. "Fọlákẹ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, bi mí ná."

"Mo gbọ́," ni ó wí. Kò ní okun àwíjàre. Àǹfààní tó wù ú jù lọ́dún náà ti bọ́, kò sì sí ẹni tó jí i lọ.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí a bá sì ti ṣìnà, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ kí ẹrù wa tó wọ ẹlòmíràn lọ́rùn, bí ìjẹ́wọ́ náà tilẹ̀ ná wa ní ohun tí à ń wá.