Ìwé Iná Tí Yísà Kò Fọwọ́ Sí

Bàtà onírọ́bà méjì ni Sàfúrátù wọ̀ léra lọ́jọ́ tí Yísà kọ́kọ́ rí i, nítorí iná áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ máa ń gbé e. Ó dúró sórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù alágbàlọ̀ kan ní àdúgbò Fate, òógùn bo iwájú rẹ̀, oorun ń kùn ún. Ọdún 1974 ni.

Iṣẹ́ Yísà, ọmọ Òkè-Òyì, ni kó máa yẹ ohun èlò iná wò ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé àyágbé. Èyí tí kò bá dáa, á gé pulọ́ọ̀gì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún lò ó. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ rí i, ó sì ti rẹ òun náà.

Ó yẹ áyọ́ọ̀nù náà wò, ó gé pulọ́ọ̀gì rẹ̀.

"Ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi," ni Sàfúrátù wí.

"Alààyè ló ń ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ fún gbogbo wọn?"

"Àwọn tó bá rẹ̀ bíi tèmi nìkan ni."

Sàfúrátù rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, Yísà gbé áyọ́ọ̀nù tó dáa wá fún un. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jókòó pọ̀ lálaalẹ́, àwọn méjèèjì tí ẹsẹ̀ ń ro, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àbẹ̀ní, oríkì rẹ̀, ni Yísà ń pè é.

Alhaji Ìbráhímù, bàbá Sàfúrátù, kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbà á fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bí Yísà bá fọwọ́ sí ìwé pé iná rẹ̀ dáa.

"Fọwọ́ sí i," ni Alhaji wí fún Yísà, tó ti wá tọrọ ọmọ rẹ̀, "kí a so yìgì yín lọ́jọ́ Jímọ̀."

Yísà wọ gbogbo yàrá. Kò sí wáyà kankan tó lè gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, kó má baà gbé èèyàn. Ó lóṣòó.

"Ẹ má bínú, Alhaji. Iná á pa èèyàn níbí."

"Àbẹ̀ní ńkọ́?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ san sàdáákì láti fẹ́ ẹ."

Ilé-iṣẹ́ náà bá tirẹ̀ lọ. Alhaji ní òun ò fẹ́ rí Yísà mọ́. Ọdún méjì kọjá. Sàfúrátù kọ ọkùnrin méjì tó fẹ́ fẹ́ ẹ. "Ó rẹ̀ mí, bàbá," ni gbogbo èsì rẹ̀.

Alhaji wá ẹlòmíràn tó máa fọwọ́ sí ìwé náà. Orí ìjókòó lonítọ̀hún ti fọwọ́ sí i, kò wọ yàrá kankan. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Alhaji. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún iná ilé náà ṣe, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi ránṣẹ́ pe Yísà.

Gbogbo yàrá ló dáa, àfi wáyà tó wà nídìí ibùsùn nínú yàrá tí Alhaji fúnra rẹ̀ ń gbé. Yísà rọra jókòó sílẹ̀, omi lé sí i lójú. Sàfúrátù wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Alhaji, èyí kò dáa."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n tú wáyà rẹ̀ lánàá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti rẹ̀ ọ́ débi tí wàá fi purọ́."

"Ó rẹ̀ mí, Alhaji."

"O ò sì purọ́. Àbẹ̀ní, ọkọ rẹ nìyí. Jímọ̀ la ó so yìgì."

Alhaji jáde. Sàfúrátù wá dúró tì í. "Ẹ dìde, ẹ tún wáyà bàbá mi ṣe."

"Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀, Àbẹ̀ní."

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì sinmi.